Omi Ò Ju Orúnkún Lọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó yí ohùn padà: odò ló gbé mọ́tò mi lọ. Kì í ṣe òkun, kì í ṣe odò Ọya. Odò kékeré kan ni, tí àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ là kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi kò sì ní kan ìdí ṣòkòtò wọn. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ń ràn lórí mi. Ojú mi là kedere, mi ò mu ohunkóhun.

Bí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi ìnáwó, mo máa ń sọ pé àgbàrá dédé ya lù mí ni. Irọ́ ni. Kò dédé ya. Ó kọ́kọ́ ránṣẹ́. Ó fi mẹkáníìkì ránṣẹ́, ó fi àgbà abúlé ránṣẹ́, nígbà tó yá ó fi ọmọdé ránṣẹ́. Èmi ni mo kọ etí ikún.

Ọdún 2016 ni. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní Ìlọrin, mi ò sì tíì lo ìsinmi kan tó gún régé rí. Bí wọ́n bá fún mi ní ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ilé ni mo máa ń jókòó sí ní Tánkẹ̀, tí àwọn ẹbí á máa wá rán mi níṣẹ́ nítorí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ mi dilẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni mo ka nǹkan kan nípa àwọn ará Faransé: pé láti ọdún 1936 ni òfin ti fún òṣìṣẹ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi tí owó oṣù kò ní dín, pé bó bá ti di oṣù kẹjọ báyìí, ọ̀pọ̀ ará Paris á ti ilẹ̀kùn ilé pa, wọ́n á kọrí sí ìgbèríko lọ bá ọ̀rẹ́, wọ́n á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa jẹ wàràkàṣì, ẹnikẹ́ni ò ní kánjú. Mo ka á tán, mo kan sáárá sí wọn. Mo ní wárà wo ló wà ní Faransé tí kò sí ní Kwara? Mo ní èmi náà ní ọ̀rẹ́ ní ìgbèríko.

Mo ní i lóòótọ́. A jọ kàwé ní ilé-ìwé girama ni. Nígbà tí gbogbo wa ń lé iṣẹ́ ọ́fíìsì kiri, òun padà sí abúlé bàbá rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Mọ́rò, téèyàn bá ti kúrò ní Bódé Sáádù tó yà kúrò lójú títì Jẹ́bà. Iṣu àti ọkà bàbà ló ń gbìn. Akọ̀wé ló ń pè mí, Àgbẹ̀ńlá ni mo ń pè é. Ọdún mẹ́wàá ló fi ń bẹ̀ mí pé kí n wá kí òun, ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń sọ pé mò ń bọ̀. Ẹ wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi rántí ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an.

Mọ́tò ni.

Ní oṣù karùn-ún ni mo ra Toyota Camry tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn tó ń ta mọ́tò ń pè ní Muscle. ₦1,800,000 ni mo rà á. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ló yá mi ní ₦1,200,000 nínú rẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ìjọba fi tú náírà sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, dọ́là kan fò láti nǹkan bíi ₦199 dé nǹkan bíi ₦280 láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, owó mọ́tò sì tẹ̀ lé e gòkè. Ẹni tó bá rí mi á ní, "O mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn rajà." Oríire lásán ni, ṣùgbọ́n mo gbà á bí ọgbọ́n orí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn nípa ọ̀rọ̀ ajé.

Ìwà ìyàngàn ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Àwọn ará àdúgbò ti rí mọ́tò náà, ó ti sú wọn. Àwọn ará ọ́fíìsì ti rí i, wọ́n ti ń gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó kù ni àwọn tó mọ̀ mí nígbà tí mò ń wọ bàtà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ìyẹn ni ìsinmi ará Faransé tí mo ní mo fẹ́ lò.

Mo pe Àgbẹ̀ńlá lórí fóònù pé mò ń gbé mọ́tò bọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀ ní Bódé Sáádù, ní ilé àna òun, òun á rán ọ̀kadà wá gbé mi. Ó ní, "Ọ̀nà wa kì í ṣe ọ̀nà mọ́tò nígbà òjò."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àgbẹ̀ńlá, Muscle ni o."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè ní mọ́sù?"

Mo sọ eléyìí fún mẹkáníìkì mi, mo retí pé kí ó bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rín in. Ó ṣí iwájú mọ́tò, ó fi ìka han mí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, imú rẹ̀ rèé. Kò ga. Ẹ má jẹ́ kí omi dé ibí." Mo bi í pé ṣé odò ni mò ń lọ wẹ̀ ni. Ní ti adójútòfò, ẹ má tilẹ̀ bi mí. Èyí tí ì bá san owó fún mi bí mọ́tò mi bá bàjẹ́ ń lọ sí nǹkan bíi ₦90,000. Mo ra ti ₦5,000, èyí tó jẹ́ pé mọ́tò ẹlòmíràn tí mo bá kọlù ló ń tún ṣe. Mo ní èmi kì í sáré.

Ọdún Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án. Ní Ọjọ́rú mo ti wà lọ́nà. Mo já àwọn tírélà tó ń lọ sókè ọ̀hún sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọjá Olóòrù, mo dé Bódé Sáádù, mo wo ilé àna tí wọ́n ní kí n gbé mọ́tò sí, mo fún fèrè, mo sì kọjá lọ. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa la bọ́ sí lẹ́yìn ìyẹn. Odò yẹn ló dábùú rẹ̀, kò sí afárá. Omi kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Igi kan wà létí rẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n fi àdá gbẹ́ ìlà mẹ́ta sí lára. Àwọn ọmọ kan ń wẹ̀. Mo tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀, omi fọ́n sókè lọ́tùn-ún lósì bí ìyẹ́ àṣá, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Àtẹ́wọ́ yẹn ló bà mí jẹ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọjọ́ mẹ́rin tí mo lò níbẹ̀: ó dùn. Òwúrọ̀ kùtù ni a máa ń rìn lọ sí gáà àwọn Fúlàní, ọkà bàbà ti ga ju orí lọ lọ́tùn-ún lósì, ìrì á sì ti rin wá dé ìbàdí ká tó débẹ̀. Obìnrin kan níbẹ̀ á fún oje ewé bomubomu sínú wàrà tó wà lórí iná, èèyàn á máa wò ó títí tó fi dì. Gbígbóná la máa ń jẹ ẹ́. Èmi tí mo ti ń ra wárà láti kékeré ní Ìlọrin, mi ò mọ̀ pé ó ní òórùn kan tó máa ń kúrò lára rẹ̀ kó tó dé ìgboro. Iṣu tuntun ti ta. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ń po òrí lẹ́yìnkùlé, òun àti àwọn obìnrin abúlé, apá wọn ń dán dé ìgúnpá. Abẹ́ igi emì ni ẹní mi wà. Bí fóònù bá máa gba ìpè, àfi kí èèyàn lọ dúró sábẹ́ igi igbá kan báyìí lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rí mi rán níṣẹ́. Mo sùn lọ́sàn-án. Mo sùn títí mo fi gbàgbé ọjọ́ tí a wà.

Mọ́tò nìkan ni kò sinmi. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fọ̀ ọ́, àwọn ọmọ abúlé á yí mi ká, èmi á máa ṣàlàyé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni Baálẹ̀ wá kí mi. Mo fi igi tó ní ìlà mẹ́ta ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣé òun ni mítà yín?" Wọ́n ní òun ni. Wọ́n ní bí omi bá dé ìlà kìíní, kí ọmọdé má là á. Bó bá dé ìkejì, kí ọlọ́kadà dúró. Bó bá dé ìkẹta, kí gbogbo ayé jókòó sílé. Mo bi wọ́n pé èwo ni ti mọ́tò. Wọ́n ní mọ́tò kò ní ìlà, nítorí kò sí ẹni tó ń gbé e wá nírú àkókò yìí. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́, tí mo sì jẹ́ kó bọ́ sí odì kejì: "Ìwọ wo òkè odò, má wo orí ara rẹ. Òjò tí a kò rí ló ń kún odò wa." Wọ́n ní bí ó bá ń bọ̀, ìfóòfó àti ewé gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ dé, omi tó ń gbé e bọ̀ wà lẹ́yìn.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, bàbá." Mo ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ ní Ìlọrin kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú ni mo fẹ́ padà. Òjò kò rọ̀ ní abúlé lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ṣú lápá ìlà-oòrùn, ní ọ̀nà jíjìn. Àgbẹ̀ńlá ní kí n sùn, kí n máa lọ ní ìdájí ọ̀la. Mo ní rárá o, ọ́fíìsì, aago mẹ́jọ. Ìjẹ́wọ́ ni mo ní mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Kì í ṣe ọ́fíìsì. Ìyàwó mi nìkan ló mọ̀, òun náà sì bínú nígbà tó gbọ́. Wòlímọ̀ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ló wà ní Ìlọrin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo àwọn tí a jọ jáde ilé-ìwé á wà níbẹ̀, mo sì ti ya ibi tí n ó gbé mọ́tò sí lọ́kàn: iwájú kánópì, níbi tí gbogbo ojú á ti kàn án.

Kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń lọ. Ọmọ Àgbẹ̀ńlá, ọmọ ọdún mọ́kànlá, fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa kó lè bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé girama ní Ìlọrin. Ìyàwó mi ti ra bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè é. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́yìn, aṣọ ilé-ìwé tuntun méjì ló wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní igbá òrí mẹ́fà tó fẹ́ rán lọ sí Ọjà Ọba. Ọkọ̀ akẹ́rù ọjọ́ ọjà ló fẹ́ fi rán an. Èmi ni mo ní kí ó má dààmú, pé mọ́tò mi ń lọ lófo. Mo kó o sí bùútù, mo kó iṣu ogójì tẹ̀ lé e. Mo rò pé inúure ni mò ń ṣe. Bí ẹrù ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ìdí mọ́tò ń sún mọ́lẹ̀, imú rẹ̀ náà ń bá a lọ. Mi ò wò ó.

A dé etí odò ní nǹkan bí aago méjì. Omi kò tíì dé ìlà kejì. Àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ìfóòfó funfun ń kọjá. Ewé gbígbẹ ń kọjá. Mo rí wọn. Mo rí wọn dáadáa, mo sì rántí Baálẹ̀.

Ọmọ Fúlàní kan ń da màlúù rẹ̀ kúrò létí odò, ó ń sáré, ó ń lù wọ́n gòkè. Ó rí mi, ó na ọ̀pá sí mi, ó kígbe pé, "Má wọ̀ ọ́! Dúró! Omi ń bọ̀!"

Ẹ gbọ́ ohun tó dùn mí níbẹ̀. Kò kí mi. Kò pè mí ní "ẹ". Ọmọ tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, "má wọ̀ ọ́" ló ń sọ fún èmi, akọ̀wé, oní-Camry. Omi ń bọ̀, ọ̀wọ̀ ni mò ń wá.

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá Akọ̀wé, bàbá mi ní tí a bá fẹ́ la odò ká sọ gíláàsì kalẹ̀." Mo ní ẹ́síì ń ṣiṣẹ́.

Mo ní, "Omi ò ju orúnkún lọ."

Mo wọ̀ ọ́.

Àárín odò ni ẹ́ńjìnnì ti wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó dákẹ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò dáhùn. Mo gbọ́ ìró kan láti òkè odò, mo rò pé tírélà ni. Kì í ṣe tírélà. Omi pupa dé. Mọ́tò mì. Ó gbéra. Ẹ bá mi gbọ́ ọ: ó gbéra kúrò nílẹ̀. Stíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tẹ bọ́tìnnì gíláàsì. Kò sọ̀ kalẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn. Kò ṣí. Omi wọ bàtà mi. Ọmọ yẹn kò sunkún. Ó ń wò mí. Ó rò pé mo mọ ohun tó kàn.

Mi ò mọ̀.

Kùkùté igi kan létí odò ló gbà wá dúró. Ọmọ Fúlàní tí kò mọ̀wọ̀ yẹn, òun ló sọ̀ kalẹ̀ sínú omi dé àyà, òun ló fi òkúta fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, òun ló fa ọmọ jáde ní apá. Gíláàsì ya ọmọ náà lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ bò ó dé ìgúnpá. Èmi ló kù. Ikùn mi kò gba ojú fèrèsé. Mo há síbẹ̀, ìdajì mi nínú mọ́tò, ìdajì níta, mò ń ké "Ẹ gbà mí o", mò ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní "ẹ".

Ó fà mí yọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí mọ́tò yí kúrò lára kùkùté. Bùútù ṣí. Òrí kì í rì. Igbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló léfòó, wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn lọ lórí omi pupa, funfun báláú. Àpótí ọmọ náà wà láàárín wọn. Ọmọ náà ń wò ó títí tó fi yí kọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ẹ ní ẹ̀yin ò lè ya irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo rí i lórí tẹlifíṣọ̀n tí àgbàrá gbé mọ́tò níbìkan. Mo bú awakọ̀ náà lójú ìyàwó mi. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé omi tó ń sáré, bí kò bá tilẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ó tó láti gbé mọ́tò kékeré. Ẹsẹ̀ bàtà méjì kò ju orúnkún mi lọ púpọ̀. Òótọ́ ni mo sọ létí odò, òótọ́ náà ló sì fẹ́ pa mí.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí mọ́tò náà ní ìsàlẹ̀, yanrìn kún inú rẹ̀ dé ojú stíárìn. Mẹkáníìkì mi wá láti Ìlọrin. Ó tú ẹ́ńjìnnì. Ó ní omi kì í ṣe afẹ́fẹ́, kò ṣeé tẹ̀ pọ̀. Písítìnnì bá a nínú ilé, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá tó di písítìnnì mú ló tẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà hàn mí. Ó rí bí ìka arúgbó. Kò sọ pé "ṣé mo sọ fún yín", ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ohun tó ṣeé yọ lára rẹ̀, wọ́n fún mi ní ₦140,000. Owó tí mo fi rà á tẹ́lẹ̀ kò sì ra irú rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. ₦50,000 ni alájẹṣẹ́kù ń yọ nínú owó oṣù mi fún mọ́tò tí kò sí mọ́, títí di oṣù karùn-ún ọdún 2018. Mo padà sí ẹsẹ̀ rírìn, àti kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Alẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ yẹn, bọ́ọ̀sì akérò ló gbé mi wọ Ìlọrin, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ mi lára. Lọ́jọ́ kejì mo pe ẹlẹgbẹ́ wa tó ṣe wòlímọ̀ láti bẹ̀ ẹ́ pé mi ò lè wá. Ó ní, "Há, o ò wá ni?"

Mo gbé owó òrí àti owó aṣọ ilé-ìwé lọ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀kadà ni mo gùn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi gba owó òrí nítorí kì í ṣe tòun nìkan. Ó fi wárà bọ́ mi. Wọ́n ti rán ọwọ́ ọmọ náà, ó ti ń jinná, ṣùgbọ́n kò bá mi padà. Bódé Sáádù ni wọ́n fi í sí ilé-ìwé, ibẹ̀ náà ló ti parí. Bẹ́ẹ̀dì tí ìyàwó mi rà wà nínú yàrá fún ọdún méjì kó tó tà á.

Àgbẹ̀ńlá kò bá mi jà. Ó sìn mí dé etí odò lọ́jọ́ yẹn, omi ti fà, ó mọ́ gaara. A dúró pẹ́. Ó wá ní, "Akọ̀wé, mọ́tò méjì ni odò yìí ti gbé lójú mi rí kó tó kan tìẹ. Àwọn tó ni wọ́n kò mọ̀. Ìwọ mọ̀."

Mo ṣì máa ń lọ, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Ìkarahun mọ́tò náà wà lẹ́yìn ilé Baálẹ̀, adìyẹ ń yé sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ìlà kẹrin sára igi odò, ti mọ́tò. Ìlà Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, kò dé ọrùn ẹsẹ̀.